Kókó Inú Etí Bàbá Ọbáléndé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Ọ̀rọ̀ etí ni. Etí ọ̀tún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ohun kékeré kan tí kò ju ẹ̀wà méjì lọ ni ó sì hù sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ́ èdè ní yunifásítì ni mo sọ ohun kékeré náà di ńlá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi rò pé inú ìwé yìí gan-an ni ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́.

Bàbá Ọbáléndé ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Kì í ṣe pé Ọbáléndé ni wọ́n ń gbé. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wọn wà, kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà, inú ilé tí a bí wọn sí náà ni wọ́n sì wà títí di òní. Ọbáléndé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà. Àwọn àgbà máa ń túmọ̀ orúkọ àdúgbò náà sí "Ọba lé wa dé ibí", nítorí àwọn ènìyàn tí ìjọba òyìnbó ṣí nídìí nígbà tí wọ́n ń fi Ìkòyí ṣe ilé ara wọn. Bàbá a máa fi í ṣe àwàdà pé Ọba kọ́ ni ó lé àwọn débẹ̀, oníbàárà ni ó fa àwọn wá. Òótọ́ sì ni. Ará Ìkòyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn: adájọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àti àwọn dírẹ́bà àti kúùkù tí ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn.

Nígbà kan rí, omi ni ó pààlà sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Ọ̀nà omi tí a fi orúkọ Gómìnà MacGregor pè ni. William MacGregor yìí, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 títí di 1904, dókítà ni kí ó tó di gómìnà, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti ibà sì jẹ ẹ́ lógún púpọ̀. Wọ́n ti dí ọ̀nà omi náà pa tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó bá ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Ìkòyí lónìí kò ní mọ̀ pé òun ré omi kọjá. Mo kàn mẹ́nu kan án ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó dí ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe mọ̀ pé nǹkan ń ṣe etí náà. Lákọ̀ọ́kọ́, Bàbá pààrọ̀ etí tí wọ́n fi ń gbọ́ fóònù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, etí ọ̀tún ni. Wọn á fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lórí aṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni mo ṣàkíyèsí pé òsì ni wọ́n ń gbé e sí. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní fóònù náà ni ó ti gbó. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ṣòkòtò dé. Oníbàárà kan pè láti Ìkòyí pé kí Bàbá rán ṣòkòtò mẹ́ta fún òun, ó ní òun ti fọn díẹ̀, ìbàdí òun ti di íǹṣì méjìdínlógójì. Lọ́jọ́ náà, àṣà àtijọ́ ti gbé fóònù lọ sí etí ọ̀tún. Méjìlélógójì ni Bàbá gbọ́. "Dín" ni oníbàárà wí, "lé" ni etí gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò Yorùbá mọ̀ pé íǹṣì mẹ́rin gbáko ni ó wà láàárín dín àti lé níbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ ṣòkòtò wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níbàdí, ó sì bèèrè bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀ wá bá òun nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Èyí tó dun Bàbá jù ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò jókòó ti télọ̀ rí, ẹ lè rò pé ojú ni wọ́n fi ń ránṣọ. Bàbá ní etí ni. Bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ ṣẹ́, ohùn rẹ̀ yóò ti yí padà kí ó tó ṣẹ́. Bí òwú bá fẹ́ di kókó nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ hán bí ẹni tí ọ̀fun ń yún. "Àjàní," ni wọ́n wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ó dàbí ẹni pé ẹ̀rọ mi ti kó lọ sí ilé kejì. Mo ń fi ẹsẹ̀ wà á níbí, mo ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún."

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn etí. Ẹnì kan ní kí wọ́n kán òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Ẹnì kan mú ìyẹ́ adìyẹ wá. Ọmọ tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì fún wọn ní oògùn ìkánsétí oríṣi méjì, bí ọ̀kan kò bá jẹ́ kí èkejì jẹ́. Bàbá fúnra wọn kò jẹ́ kí kọ́tìn-bọ́ọ̀dù sinmi. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́tìn-bọ́ọ̀dù náà ṣe ni pé wọ́n ti ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ inú lọ, wọ́n sì gún un mọ́lẹ̀ bí ẹni gún iyán.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbè fún ìdọ̀tí etí díẹ̀, nítorí pé èdè wa ti ṣẹ̀ ẹ́. Ihò etí àgbàlagbà kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tó wà lápá ìta, eegun rírọ̀ bí irú ti imú ni ó gbé e ró. Irun wà níbẹ̀, àwọn àpò tíńtìntín sì wà lábẹ́ awọ rẹ̀ tí wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún méjì. Ìdá méjì tó kù nínú, eegun líle ni. Àpò òógùn ni àwọn àpò wọ̀nyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọmọ ìyá àwọn tó wà lábíyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iṣẹ́ òógùn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sun a máa dà pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti èépá awọ, òun ni ó sì ń di ohun tí à ń pè ní ìdọ̀tí. Kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Òun ni ó ń mú eruku, tí ó ń lé kòkòrò, tí kì í jẹ́ kí omi ba awọ inú jẹ́, awọ ihò náà fúnra rẹ̀ a sì máa rọra gbé e jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni fi igi yọ ọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan kọ ọ́ ní ọdún 2006 pé lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà nínú àjogúnbá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó ń mú kí ti ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà àti Japan gbẹ bí ìyẹ̀fun, tí tiwa ní ilẹ̀ Áfíríkà sì ń rọ̀ bí oyin. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Àwa tí à ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbọ́ irú èyí kí ara wa má bù máṣọ.

Ó dára. Nígbà tí òróró àti ìyẹ́ adìyẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo mú Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní oṣù kẹrin ọdún 2023, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun. Obìnrin ni dókítà tó rí wa, kò tí ì pé ogójì ọdún. Ìhà Kàlàbá ni ó ti wá, Yorùbá rẹ̀ kò sì kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ṣé ó ń dùn yín". Bàbá gbọ́ òyìnbó ọjà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ràn láti fi òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn, mo sì wú bí àkàrà inú epo.

Dókítà mú irin kan tó ní ìka méjì bíi fọ́ọ̀kì, ó gbá a mọ́ orúnkún, ó sì fi ìdí rẹ̀ ti iwájú orí Bàbá. Ó ní etí wo ni wọ́n fi gbọ́ ọ jù. Bàbá lanu, wọ́n ní ti ọ̀tún ni! Wọ́n fò dìde, wọ́n ní Ọlọ́run tóbi, etí ti là. Ṣùgbọ́n dókítà mi orí. Ó ṣàlàyé pé bí ihò etí bá dí, tí inú lọ́hùn-ún sì wà láàyè, ohùn tó bá gba inú eegun wọlé a máa le sí i ní etí tó dí náà, nítorí pé ariwo ìta kò rí àyè bá a jìjàdù. Ìyẹn ni pé etí Bàbá kò kú, ọ̀nà ni ó dí. Nǹkan ayọ̀ ni èyí, mo sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ì bá dára kí n ti ibẹ̀ lọ sílé.

Ó fa gbogbo ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ibẹ̀ jáde. Ó wo inú ihò náà, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà wò ó, wọ́n sì wo ara wọn lójú. Wọ́n jẹ́ kí èmi náà yọjú wò ó. Kókó kan roboto ni, awọ bò ó, ó ń dán, apá ìta ihò ni ó wà, ó sì kù díẹ̀ kí ó dí ọ̀nà náà pa. Kò ṣẹ̀jẹ̀, kò ṣe oyún. Nígbà náà ni dókítà pe orúkọ rẹ̀ ní òyìnbó, orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, ẹ sì mọ bí orúkọ náà ṣe ń dún létí Yorùbá. Ó dún bí àṣẹ: *túmọ̀!*

Mo túmọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni dókítà sọ. Èkíní, pé kókó kan hù síbẹ̀. Èkejì, pé ojú lásán kò lè mọ irú èyí tó jẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀, èyí tí kì í pa ènìyàn sì wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta, pé àwọn fẹ́ gé bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí àwọn sì ya àwòrán eegun ibẹ̀. Ohun tí èmi sọ ni èyí: "Bàbá, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n fẹ́ gé díẹ̀ nínú rẹ̀."

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Ọ̀rọ̀ náà "kókó" wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú mi, kò jọ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń fi dáhùn níwájú dókítà méjì. Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Mo sì rí i.

Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ mú fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n ní, "Àjàní, jẹ́ ká máa lọ." Nígbà tí a dé ojú títì ni wọ́n tó tún sọ̀rọ̀: "Ẹni tó bá fi abẹ kan jẹjẹrẹ, ó ti jí i lójú oorun nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò fi abẹ kan tèmi." A kì í rí ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí a kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àìsàn náà ti jìnnà kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, tí ó bá sì kú, abẹ ni à ń dá lẹ́bi.

Oṣù méje ni ó kọjá. Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n etí Bàbá ti gbọ́ tirẹ̀, láti ẹnu mi. Wọ́n mu àgbo, wọ́n ṣe sàárà. Ọdún Iléyá dé ní ìparí oṣù kẹfà, wọn kò sì gba aṣọ ẹyọ kan, ìgbà tí a kì í rí ẹsẹ̀ gbé ní ṣọ́ọ̀bù wọn láwọn ọdún yòókù. Wọ́n pe ọmọ iṣẹ́ wọn àgbà, wọ́n sì kó sísọ́ọ̀sì ńlá wọn lé e lọ́wọ́, èyí tí ọ̀gá tiwọn fún wọn. Ìyá, ìyàwó wọn, sọ fún mi pé wọ́n ti jókòó ti àwọn ọmọ lórí ọ̀rọ̀ yàrá wo ni yóò jẹ́ ti ta. Gbogbo ìgbà yìí, kókó náà kò dùn wọ́n. Ikú tí kò dunni ni wọ́n ń múra dè, èmi ni mo sì kéde rẹ̀.

Ìgbà tó di oṣù kẹwàá, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà. Mo ròyìn Bàbá fún un. Ó ní, "Jẹjẹrẹ? Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní dókítà ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti gé e wò?" Mo ní rárá. Ó ní, "Báwo ni dókítà ṣe wá mọ̀?" Mo dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo ti ka ohun gbogbo tí mo lè rí kà.

Ohun tí mo kà dójú tì mí, ó sì tún tù mí nínú díẹ̀, nítorí mo rí i pé àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti ṣe irú àṣìṣe mi. Haug ni ó kọ́kọ́ kọ nípa irú kókó yìí ní ọdún 1894. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn òyìnbó fi ń pe gbogbo kókó tó bá ti ara àpò òógùn inú etí wá, ìbáà ṣe èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ sí ojú kan, ìbáà ṣe èyí tó ń jẹ eegun. Ẹni tí a bá kọ orúkọ náà sínú ìwé rẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi orúkọ náà mọ̀ bóyá yóò yè tàbí yóò kú. Ní ọdún 1972 ni Wetli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín wọn sí mẹ́rin, méjì tí kì í pani àti méjì tí ń pani, wọ́n sì ní kí a pa orúkọ àpapọ̀ náà tì. Nígbà tó di 2004, Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó mọ́kànlélógójì jọ nínú irú èyí tí kì í pani, wọ́n sì yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlélógójì péré, kì í sì í ṣe pé ọdún kan ni wọ́n fi rí wọn. Ẹ wo bí ohun náà ti ṣọ̀wọ́n tó! Oníṣègùn etí lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì kí ó má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Dókítà kò pè é ní jẹjẹrẹ. Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní kí n wá sí apá òsì wọn kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́.

"Kí ni o ń kọ́ ní yunifásítì yẹn?"

"Èdè ni, sà."

"Èdè ta ni?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá kò nà mí, wọn kò sì bú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kàn ní kí n lọ gba sísọ́ọ̀sì àwọn wá lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Mo lọ gbà á.

Nígbà tí a padà sí ilé ìwòsàn ní oṣù kọkànlá, dókítà kan náà ni a bá. Kò bínú, ṣùgbọ́n ó wò mí tìfuratìfura nígbà tí mo tún jókòó sáàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò wá ọ̀rọ̀ ńlá. Mo ní, "Bàbá, kókó ni. Kókó méjì ni ó lè jẹ́. Ọ̀kan wà tó máa ń dàgbà sí ojú kan, kì í jẹ ohun tó bá yí i ká, bí wọ́n bá sì gé e tán pátápátá, ó parí. Èkejì a máa jẹ ẹran, a máa jẹ eegun, a sì máa rìn lọ síbòmíràn. Wọn kò mọ èyí tó jẹ́, àfi kí wọ́n gé bíńtín wò." Bàbá ronú, wọ́n ní, "Ó yé mi. Ọ̀kan jẹ́jẹ́ ni, èkejì jẹjẹrẹ." Mo ti ń kọ́ èdè fún ọdún mẹ́ta, n kò ronú kan irú rẹ̀ rí.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú, wọ́n sì gé bíńtín náà. Wọ́n kọ̀wé fún wa láti lọ ya àwòrán lábẹ́ ẹ̀rọ CT, nítorí òun ni ó máa ń fi hàn bí kókó bá ti ń jẹ eegun. Àwòrán náà jáde, eegun kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ fún wa pé kí a má tí ì pa adìyẹ. Bíńtín tí a gé lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ó ní, nítorí pé bí a bá wo àárín lásán, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pani a máa jọ jẹ́jẹ́ bí ìbejì. Etí rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ibi tí ó ti pàdé ẹran tó yí i ká, bóyá ó dúró síbẹ̀ ni tàbí ó ń wọlé onílé. Bẹ́ẹ̀ ni, kókó náà ní etí tirẹ̀.

A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró de èsì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo mọ ohun tí mo ti fi Bàbá ṣeré. Nínú àwọn tó ń pani, ọ̀kan wà tó máa ń yọ́ tẹ̀ lé fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára bí ejò tẹ̀ lé ògiri. Ìrora ni ó sábà máa fi ń kéde ara rẹ̀, nígbà mìíràn ojú ẹni náà á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ó ti dé ibi iṣan tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè gé e kúrò, kí ara ẹni náà yá fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tún wá yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró. Fún irú èyí, ihò etí lásán kọ́ ni wọn yóò gé. Wọn á gbé ihò náà kúrò lódindi pẹ̀lú eegun tó yí i ká, nígbà mìíràn pẹ̀lú àpò itọ́ tó wà níwájú etí, wọn á sì fi ìtànṣán sun ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, tàbí LUTH tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní 1962, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun kan ní 2019. Bí ó bá jẹ́ irú èyí ni ó wà létí Bàbá, oṣù méje tí mo fi ọ̀rọ̀ kan gbà lọ́wọ́ wọn, ta ni yóò dá a padà? N kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ó sì hàn nínú èsì ìdánwò mi, bí àwọn olùkọ́ mi ti mọ̀.

Jẹ́jẹ́ ni. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn yàrá róbótó róbótó ni, ìpele méjì ni ara ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní. Ìpele tòde ń di tinú mú. Nínú èyí tó wà nínú, èérún aláwọ̀ ìyeyè tó pọ́n díẹ̀ wà, ohun kan náà tí ń mú kí ìdọ̀tí etí ní àwọ̀. Kókó náà kò tí ì gbàgbé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀. Ibi tí ó ṣì ti ń gbìyànjú láti ṣe é ni a bá a.

Síbẹ̀, wọ́n ní láti yọ ọ́ tán, nítorí pé bí ó bá ṣẹ́ kù, yóò tún hù. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n fún Bàbá ní oògùn oorun, wọ́n gba ẹ̀yìn etí wọlé, wọ́n gé kókó náà pẹ̀lú awọ tó dára díẹ̀ yí i ká, wọ́n sì ṣí awọ fẹ́lẹ́ kan láti ẹ̀yìn etí náà wá fi lẹ ojú ibẹ̀. Wọ́n tún gbé gbogbo kókó náà lọ yẹ̀ wò. Etí rẹ̀ mọ́ yíká, kò wọlé onílé.

Nígbà tí ojú Bàbá là, tí dókítà wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lẹ awọ, ọ̀rọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ mú wọn jókòó. Wọ́n fẹ́ mọ irú òwú tí wọ́n lò. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá awọ náà ká létí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, nítorí pé ohun tó bá ká kì í jókòó. Dókítà ní kò ká. Bàbá ní, "Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀? Aṣọ tútù a máa sún kì." Mo túmọ̀ rẹ̀, dókítà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, awọ náà a máa sún kì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn fi gé e fẹ̀ ju ojú ibẹ̀ lọ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe Bàbá ní ọ̀gá.

Etí náà kò là lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó yọ gbogbo òwú tí wọ́n fi dí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wa ẹ̀rọ náà díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún wà á. Wọ́n pe ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ta ni ó fún ẹ̀rọ yìí ní òróró kẹ́yìn? Ó ń pariwo." Ọmọ náà ní bí ó ti ń dún láti ọdún tó kọjá nìyẹn, sà.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń lọ fi etí náà han dókítà báyìí, yóò sì di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún bí ó bá yá. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, bí mo ti fẹ́ fa àga mi súnmọ́ àárín wọn, Bàbá fi ọwọ́ dá mi dúró. Dókítà ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ sí i, wọ́n ní, àwọn náà sì gbọ́ òyìnbó ju bí mo ti rò lọ. Kí n lọ jókòó níta, kí n máa wo fóònù mi.